Ìka Tí Bàbá Àsàkẹ́ Kò Nà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní ẹ̀sìtéètì ìjọba tí mò ń gbé ní Ìdànrè níbí. Kì í ṣe ìtàn ńlá. Ẹnikẹ́ni kò kú, ẹnikẹ́ni kò sì di olówó. Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí tí mo ti ń rò ó, ó sì yẹ kí n sọ ọ́ síta.

Irun ni mò ń ṣe. Iwájú ilé wa gan-an ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde, kò sí èyí tí n kì í rí. Ìdí nìyẹn tí àwọn elétò kan láti Àkúrẹ́ fi ní kí n jẹ́ alárinà fún àwọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ so àwọn tó ń gbé ilé ìjọba pọ̀ mọ́ iṣẹ́, mọ́ ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti mọ́ báǹkì. Èmi ni màá máa kọ orúkọ, èmi ni màá máa pe èèyàn, èmi náà ni màá máa ṣàlàyé. Alárinà! Èmi tí n kò rí ẹni ṣe alárinà fún mi láti ọjọ́ tí bàbá Tolú ti bá tiẹ̀ lọ!

Ká sòótọ́, iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Obìnrin méjì lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì. Ọmọkùnrin kan láti ilé ẹ̀yìn wa rí iṣẹ́ wẹ́dà ní Aládé. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ọ̀gá. Mo ra ìwé tuntun, mo fi rúlà fa ìlà sí i: orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́ tó mọ̀, iṣẹ́ tó ń wá. Ohun tí kò bá sí nínú ìlà mi, n kì í béèrè rẹ̀. Ẹ máa rántí ìyẹn.

Ó wá kan Bàbá Àsàkẹ́. Ará apá Ìwó ni. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ṣe oko kòkó fún olóko kan: òun á ṣiṣẹ́, wọ́n á ta kòkó, wọ́n á pín owó. Yàrá kan ni òun, ìyàwó rẹ̀ àti Àsàkẹ́ ọmọ wọn ń gbé, wọ́n háyà á lọ́wọ́ ẹni tí ìjọba fún nílé. Olóko yẹn ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní àwọn fẹ́ ta oko, pé tí wọ́n bá ti ká kòkó tọdún yẹn tán, kí Bàbá Àsàkẹ́ máa wá ibi gbà. Kó gba ibo? Kò ní ilẹ̀ ní Ìdànrè, àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Ìwó sì ti kú tán. Bí kò bá ríṣẹ́, wọn ò ní rí owó yàrá san, Àsàkẹ́ tó ku ọdún kan kó jáde ilé-ìwé gírámà á sì fi ìwé sílẹ̀.

Iṣẹ́ kan wà nínú ìwé mi tó dà bí ẹni pé torí tiẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ibì kan wà lọ́nà Odode tí wọ́n ti ń gbin ọmọ kòkó sínú ọ̀rá kí wọ́n tó tà á fún àgbẹ̀. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Abẹ́ ibòòji ni, owó oṣù ni. Ṣùgbọ́n inú àkáǹtì báǹkì ni wọn yóò máa san owó náà sí. Kò sí àkáǹtì láìsí NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìjọba, kò sì sí NIN láìtẹ ìka.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ló gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀ka wá sí abẹ́ igi máńgòrò wa. Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni gbogbo wa ń pè é. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti ń lọ sílẹ̀. Bàbá Àsàkẹ́ ṣí fìlà, ó fi fìlà náà bo ọwọ́ òsì rẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún. Ó tẹ àtàǹpàkò, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ó tẹ ìfábẹ̀lá, ó kọ ìyẹn náà. Márààrún ló tẹ̀, iná pupa ni ẹ̀rọ ń tàn. Àǹtí Kọ̀ǹpútà ní kó mú àtàǹpàkò òsì wá. Bàbá tọrọ àforíjì kó tó nà án, torí àgbàlagbà kì í na ọwọ́ òsì sí ọmọ ọlọ́mọ. Pupa náà ni. Èrò ń ti ara wọn lẹ́yìn, kò dán ìka òsì yòókù wò.

Àǹtí Kọ̀ǹpútà ní òun ti rí irú rẹ̀ lára àwọn alágbàṣe oko. Àdá àti èèpo kòkó ti jẹ ìlà ìka wọn tán. Ó ní tó bá fi ọwọ́ sinmi, tó sì ń fi òrí pa á, ìlà náà lè padà. Òun á tún wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbẹ̀yìn sì nìyẹn. Ẹni tí kò bá rí i ṣe lọ́jọ́ náà, wọ́n á fi iṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Mo ní kó fi bàbá yẹn sílẹ̀ fún mi.

Kí àgbẹ̀ fi ọwọ́ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí kòkó ń pọ́n lórí igi! Bàbá Àsàkẹ́ wò mí títí, ó bi mí pé ta ni yóò wá fọ́ kòkó òun. Mo gbé ìwé mi, mo ń kanlẹ̀kùn láti ilé dé ilé. Ẹ jẹ́ kí n yin àwọn ará ẹ̀sìtéètì wa, àwọn tí wọn kì í tiẹ̀ kí ara wọn dáadáa. Wọ́n jáde ní Sátidé méjì, wọ́n bá a ká kòkó, wọ́n bá a fọ́ ọ, bí àáró ayé àtijọ́. Tíṣà kan wà nínú wọn tí kò mọ kòkó ju èyí tó ń mu nínú ife lọ. Èyí tó pọ́n àti èyí tí kò pọ́n, gbogbo rẹ̀ ló ká sílẹ̀.

Èmi wá di olùṣọ́ ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Ọjọ́ kìíní, mo ká a mọ́ ibi tó ti ń la igi. Ọjọ́ kẹta, ó ń pọn omi. Nígbà tó tún yá, mo rí i láàárọ̀ tó fi bébà we àdá, ó ń yọ́ lọ. Ó ní òun kàn fẹ́ lọ kí kòkó ni! Ìyàwó rẹ̀ náà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ọkọ òun ti tún ìkòkò òun tò lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi òun léèrè iye iyọ̀ tí òun ń fi sọ́bẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n dá ọkọ òun padà sóko.

Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, Bàbá Àsàkẹ́ á yà lọ́dọ̀ mi, màá yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò lójú àwọn oníbàárà mi. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan o. Òun ló ń mú àdá, kí ni mo fẹ́ fi òsì ṣe?

Ọjọ́ pé. Ìjọ aláṣọ funfun ni bàbá àti ìyàwó rẹ̀ ń lọ, ìyàwó náà sì ti gba òróró tí wọ́n gbàdúrà sí wá, ó fi pa ọwọ́ ọkọ rẹ̀ láti ilé. Àǹtí Kọ̀ǹpútà fi tíṣù nù ún kúrò jẹ́jẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́, ìka ọ̀tún márààrún àti àtàǹpàkò òsì. Pupa. Pupa. Àtàǹpàkò ọ̀tún fẹ́ gbà, iná náà ṣẹ́jú, ó tún padà sí pupa. Ọmọbìnrin náà ní kó má bínú, ó sì pe ẹni tó kàn.

Bàbá Àsàkẹ́ kò jiyàn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú fìlà rẹ̀ láti dé e, ibẹ̀ ni Àǹtí Kọ̀ǹpútà ti rí ọmọńdinrín ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó gan, kò tẹ̀ mọ́ fìlà bí àwọn yòókù. Ó bi í pé kí ló ṣe ìka yẹn. Kíá ni bàbá fi ọwọ́ pamọ́. Ó ní ọgbẹ́ ìgbà èwe ni, pé láti ìgbà náà kò lè di nǹkan kan mú, ì báà ṣe àdá, ì báà ṣe ṣíbí. Ọmọbìnrin yẹn ní kó mú un wá.

Iná aláwọ̀ ewé tàn.

Ìlà ìka náà hàn kedere lójú kọ̀ǹpútà bí ti ọmọ tuntun. Àǹtí Kọ̀ǹpútà ní ẹyọ kan náà ti tó, òun á kọ ìdí tí àwọn yòókù kò fi gbà. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Èmi kò lè pàtẹ́wọ́. Mo sún mọ́ bàbá, mo bi í pé kí ló dé tí kò mú ìka yìí jáde láti ọjọ́ kìíní.

Ó wò mí bíi pé ìbéèrè ọmọdé ni mo bi í. Ó ní, “Ìyá Tolú, iṣẹ́ la wá tọrọ. Ta ló ń fi ìka tí kò ṣiṣẹ́ rí tọrọ iṣẹ́?”

Ojú tì mí. Mo fi ìka àbámọ̀ bọnu. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi dá àgbàlagbà dúró sílé, tí mo ń yẹ ọwọ́ kan wò, tí n kò sì sọ pé kó fi èkejì hàn mí. Kòkó tí kò pọ́n tí wọ́n bá a ká dànù, owó tó yẹ kó kàn án sì dín. Kò fi ìyẹn bú mi rí. Ó ti wà níbi iṣẹ́ náà báyìí, Àsàkẹ́ sì ń lọ sílé ìwé. Tó bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀, ọwọ́ òsì ló ń jù sí mi, láìtọrọ àforíjì.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju èyí lọ: ẹni tó bá fẹ́ ran èèyàn lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ ní kí onítọ̀hún kó gbogbo ohun tó ní sílẹ̀, àti èyí tí òun fúnra rẹ̀ rò pé kò wúlò. Mo ti fa ìlà kan sí i nínú ìwé mi. Ohun tí mo kọ sórí rẹ̀ ni: kí lẹ kò tíì fi hàn mí?

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, kò sí ẹni tí yóò fi yín ṣẹ̀sín. Ìka wo lẹ fi fìlà bò, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ní kí ẹ nà?