Ẹlẹ́gbè Kẹrin Nínú Ọkọ̀ Odò Ọya

Bí ẹ bá fẹ́ pè mí ní wèrè, ẹ pè mí. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ni mo fi rí i, etí mi méjèèjì ni mo sì fi gbọ́ ọ. Inú ààwẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kọ ọ́, n kò sì ní fi ẹnu ààwẹ̀ purọ́.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn ọmọ tí mo bí nínú ara mi ní òòyì omi ló kọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Òòyì omi! Ọkọ̀ tí wọ́n fi okùn mẹ́rin so mọ́ èbúté, tí kò mì rárá! Ta nínú wọn ló dé Jẹ́bbà rí?

Ọdún kejì tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò lápá òsì kí ó máa gba apá ọ̀tún ni. Ẹlẹ́gbè orin wákà ni mí nígbà náà. Ẹni tí mò ń gbè lẹ́yìn ni Ràmátù Olóhùn-Iyọ̀ ti Gàmbàrí, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Wa. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ti dá orin, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ gbè é, kí àwọn mẹ́ta yòókù tó bọ́ sí i.

Ìyá Wa ní àṣà kan. Bí eré bá ti fẹ́ parí, yóò kọjú sẹ́yìn, yóò ké pé, "Ẹlẹ́gbè mi kìíní dà?" Èmi yóò fi orin dáhùn, màá dá orúkọ mi àti ti agbo ilé wa. Lẹ́yìn náà ni yóò pe ìkejì, títí yóò fi dé orí ìkẹrin. Ibẹ̀ nìkan ni àwọn èèyàn ti ń gbọ́ orúkọ mi. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ṣùgbọ́n nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń wọṣọ jáde nílé.

Ọdún yẹn náà ni àwọn kan gbé ọkọ̀ ojú omi kan dé, wọ́n fi ń kó àwọn òyìnbó àti àwọn olówó Èkó gba odò Ọya láti Lọ́kọ́ja wá sí Jẹ́bbà. Orin ni wọ́n ń wá kiri. Lọ́sàn-án, wọn á sọ̀kalẹ̀ lọ wo ìlú. Lálẹ́, wọn á padà sínú ọkọ̀, olórin ibi tí wọ́n bá dé á sì wá kọrin fún wọn. Wọ́n ti gbọ́ ti àwọn Núpé ní Pátégi, ó wá kan Ìlọrin. Ọkùnrin tó ń ṣètò rẹ̀, Máníjà ni a ń pè é, ti wá bá Ìyá Wa fẹnu kò, ó sì ti tẹ orúkọ àti àwòrán rẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n pín fún àwọn àlejò.

Ìyá Wa wá kú. Ibà ọjọ́ méjì péré ni. Ọjọ́ tó kú gan-an la sin ín sínú iyàrá rẹ̀, bí a ti ń ṣe nílé wa. A ránṣẹ́ sí Máníjà. Wàlláhì, a ránṣẹ́ sí i.

Ọjọ́ karùn-ún tó kú, tí fídáù ọjọ́ kẹjọ ṣì ń bọ̀ lọ́nà, ni bọ́ọ̀sì méjì kó àwọn àlejò láti Jẹ́bbà dé Ìlọrin. Wọ́n tú sí Ọjà-Ọba, wọ́n ń ya àwòrán ata, wọ́n ń ya ewúrẹ́, wọ́n ń ya àwọn arúgbó tó jókòó jẹ́jẹ́ wọn. Obìnrin òyìnbó kan ra ìkòkò amọ̀ ńlá, ó gbé e mọ́ àyà kiri nínú oòrùn bí ẹni gbé ọmọ. Ìyẹn kò kàn mí.

Ohun tó kàn mí ni pé Máníjà wọ ilé wa níbi tí àwọn èèyàn ti ń kí wa kú ìrójú, kò bọ́ bàtà, kò kí àgbà kankan. Ó gun ẹní kọjá, ó sì fi ẹnu sí mi létí.

"Ìwé ti jáde," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń retí. Ìwọ lo máa jẹ́ ẹ lálẹ́ òní."

Èmi tí mo lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń fi ìwọ pè!

"Kí n máa jẹ́ orúkọ òkú?"

"Alẹ́ kan ṣoṣo ni. Àwòrán yẹn ò mọ́ dáadáa, ẹ sì jọra."

"Ẹ fi orúkọ tèmi pè mí."

"Orúkọ tìẹ? Ta ló mọ̀ ọ́n?"

Ẹ gbà mí gbọ́, mo ti gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀, torí ẹni tó bá ń bínú gbọ́dọ̀ bínú sí ara rẹ̀ náà. Láti ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fẹ́ dúró níwájú. Mo gbé ìwọ̀sí náà mì. Mo ní màá lọ, bí ó bá máa sọ fún àwọn àlejò lẹ́yìn orin ìkẹyìn pé èmi báyìí ni mo kọ ọ́, kí ó sì dá orúkọ mi fún wọn. Ó fi ìyá rẹ̀ búra.

Àṣátù, ẹlẹ́gbè wa kejì, fà mí láṣọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun. Wọ́n ní ẹni tí a ò tíì ṣe fídáù rẹ̀, ẹlòmíì kì í bá a jẹ́ ìpè."

Mo ní kí ó lọ wé gèlè rẹ̀.

A kírun Mọ̀gáríbì ní èbúté Jẹ́bbà ká tó wọ ọkọ̀. Iná mànàmáná wà káàkiri, àwọn àlejò ti jókòó yíká. Mo fi séli mi, irin pẹlẹbẹ tí a máa ń lù sí orin, sílẹ̀ lórí pákó níbi tí mo máa ń dúró sí lẹ́yìn, torí ẹni tó bá dá orin kì í lù ú. Àwọn mẹ́ta dúró lẹ́yìn mi. Mẹ́ta, ẹ kà á dáadáa.

Máníjà gba makirofóònù. "Ràmátù Olóhùn-Iyọ̀!"

Mo dáhùn pé, "Èmi rè é."

Séli mi dún lẹ́yìn mi, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo ní ẹnì kan ló fẹsẹ̀ gbá a.

Mo dá orin. Wọ́n gbè é. Ẹ má gbàgbé pé iṣẹ́ mi ni, mo lè ka ohùn ẹlẹ́gbè láìyíjú. Ti Àṣátù tínrín. Àwọn méjì yòókù jọra bí ìbejì. Ìkẹrin wà lábẹ́ tiwọn, ó há díẹ̀, bí ohùn ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Ó sì ń ṣáájú gbogbo wọn wọ inú orin, níbi tí èmi máa ń gbà wọ̀ ọ́ gẹ́lẹ́.

Mo yíjú. Àwọn mẹ́ta ti sún kúrò níbi tí mo máa ń dúró sí, wọ́n fi àyè sílẹ̀ bí ẹni pé ènìyàn wà níbẹ̀. Séli mi kò sí nílẹ̀ mọ́. Lórí pákó tí wọ́n kùn ní ọ̀dà funfun, àmì ẹsẹ̀ méjì ni mo rí, erùpẹ̀ pupa. Kò sí erùpẹ̀ pupa ní èbúté yẹn, iyanrìn ni gbogbo rẹ̀. Erùpẹ̀ tí a gbẹ́ nínú iyàrá Ìyá Wa ni.

"Ta nìyẹn?" Mo bi Àṣátù kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹ má bi mí. Ẹ ṣáà máa kọrin."

Mo fẹ́ kí eré náà parí ni. Ẹ̀rù ti gba gbogbo ara mi, ẹnu mi sì sáré lọ síbi tó mọ̀. Mo ké ohun tí mo ti ń gbọ́ láti ọdún mọ́kànlá: "Ẹlẹ́gbè mi kìíní dà?"

Mo gbàgbé pé èmi ni ẹlẹ́gbè kìíní. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dáhùn.

Ohùn náà dáhùn. Ó dá orúkọ mi. Ó dá agbo ilé wa. Ó tilẹ̀ fa ìparí rẹ̀ sókè bí èmi ṣe máa ń fà á. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́ títí, àwọn mìíràn ń kọ orúkọ mi sínú ìwé. Obìnrin oníkòkò ọ̀sán yẹn na ẹ̀rọ tépù rẹ̀ sí àyè tó ṣófo náà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Tépù yẹn bá ọkọ̀ lọ. Ì bá ṣe pé ó wà lọ́wọ́ mi ni, àwọn ọmọ mi ì bá gbẹ́nu dákẹ́.

Mo wo Máníjà. Ó tọ̀ mí wá.

"Dá orúkọ mi fún wọn," mo sọ ọ́ sí i létí. "O búra."

"Wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹlẹ́gbè yín ti dá a." Kò fi ìwọ pè mí mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀, Ìyá Ràmátù." Orúkọ òkú ló fi pè mí.

Ọjọ́ fídáù, mo ka gbogbo rẹ̀ fún alùfáà wa. Ó bi mí bóyá mo jẹ́ ìpè náà. Mo ní mo jẹ́ ẹ. Ó fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ títí, ó ṣe àdúà fún òkú, ó ṣe fún èmi náà, kò sì sọ fún mi èwo nínú àdúà méjèèjì ló gbà.

Láti ìgbà náà n kò kọrin mọ́. Bí ọmọ mi bá pè mí láti ojúde, kí n tó la ẹnu, ẹnì kan ti dáhùn "Mo ń bọ̀" láti inú iyàrá. Àwọn ọmọ á ní, "Ṣebí ẹ ti dáhùn." Èwo ni mo dáhùn? Ó sì ń dùn mí. Kí ni mo gbà lọ́wọ́ Ìyá Wa? Alẹ́ kan ṣoṣo. Mo sìn ín fún ọdún mọ́kànlá, mo wẹ̀ ẹ́ nígbà tó kú, orúkọ kan ṣoṣo tí bàbá mi sọ mí ni ó wá mú lọ. Ìyá Wa, bí ẹ bá ń gbọ́, ohun tí ẹ ṣe yìí kò dára!

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí wọ́n bá ní kí ẹ bá òkú jẹ́ ìpè, ìbáà ṣe fún ìṣẹ́jú kan, ẹ kọ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé yìí, ẹ kò ní rí orúkọ mi níbẹ̀. Ojú kò tì mí. Bí mo bá kọ ọ́ tí ẹ sì kà á sókè nínú ilé yín, n kò mọ ẹni tí yóò dá yín lóhùn.