Ìyàwó Ló Ń Kẹ́yìn Lójú Ogun

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kó yé gbogbo ayé pé èmi ni mo ni géèmù náà. Èmi ni mo gbé e wá láti ilé bàbá mi, nínú táàbù tí àbúrò mi ọkùnrin fún mi nígbà tí mò ń lọ sílé ọkọ, tòun ti ṣájà rẹ̀. Kò sí ẹnì kan nílé ọkọ mi tó mọ̀ ọ́n gbá kí n tó dé. Èmi ni mo jókòó tì wọ́n tí mo kọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo sì kọ́ wọn tán, wọ́n ní kí n bọ́ sẹ́yìn.

Géèmù ogun ni. Olúkúlùkù ní ìlú tirẹ̀ àti ọmọ ogun tirẹ̀: àwọn ẹlẹ́ṣin, àwọn tafàtafà, àti àwọn tó gbé asà dání, tí wọ́n ń rìn bí ẹni tó ru sìmẹ́ńtì. Ẹni tí ìlú rẹ̀ bá wó ti jáde nìyẹn. Kì í ṣe irú géèmù tí gbogbo èèyàn ń sáré tẹ nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnì kan bá sún tirẹ̀ tán, á gbé táàbù fún ẹni tó kàn. Nítorí náà, kí ẹ tó bi mí pé ta ló ní ọmọ ogun tó lágbára jù, ẹ kọ́kọ́ bi mí pé ta ló kàn.

Ètò méjì ló wà nínú rẹ̀. Nínú èkíní, ẹnì kan á sún gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ tán kí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kan tirẹ̀. Nínú èkejì, ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ló ń jáde bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣe yá tó. Ẹṣin tèmi, ẹṣin tìrẹ, lẹ́yìn náà tafàtafà, àwọn alásà á wá máa wọ́ bọ̀. Bí ẹṣin rẹ bá gbá mi, ẹṣin mi lè dá a padà kí ara tó tutù. Èyí la ń lò nílé bàbá mi. Ogun náà máa ń gbóná, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà kó tó parí.

Ilé ọkọ mi wà ní Abraham Adésànyà Estate, l'Ájah. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló ń gbé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tó kù, èmi àti ọkọ mi wà lókè. Ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí Màmá ti àsálátù dé tí a sì ti kírun Àílà, mo ṣí géèmù náà ní pálọ̀ ìsàlẹ̀, mo fẹ́ yan ètò kejì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí à ń pè ní Bọ̀dá, bi mí pé kí ni mò ń tẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Wọ́n ní, "Kí ẹṣin ìyàwó wá máa ṣáájú mi nínú ilé bàbá mi?"

Bó ṣe di ètò kìíní nìyẹn. Bọ̀dá á kọ́kọ́ sún tiwọn, ọkọ mi á tẹ̀ lé wọn, àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn á tẹ̀ lé e, èmi á wá kẹ́yìn. Nígbà tí mo ṣègbéyàwó, àbígbẹ̀yìn yìí ṣì ń wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i sínú ilé kí n tó dé, nítorí náà Àǹtí ni mò ń pè é, Àǹtí náà ni mo ṣì ń pè é títí dòní. N ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Wọ́n tọ́ mi dáadáa. Mo mọ̀ pé ọjọ́ tí ìyàwó bá wọlé ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Mò ń kúnlẹ̀ kí wọn, mò ń bu oúnjẹ wọn kí n tó bu tèmi, kò sì dùn mí. Ohun tí n ò lè gbà ni pé kí wọ́n gbé ìyẹn wọ inú ogun.

Ẹ ẹ̀ lè mọ ohun tó ń ṣe fún èèyàn àfi tí ẹ bá kẹ́yìn rí. Kò sí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ẹni tó kàn lẹ́yìn òun, nítorí onítọ̀hún máa dá a padà lójú ẹsẹ̀. Bọ̀dá ò ní fọwọ́ kan ọkọ mi láéláé. Èmi tí mo jìnnà sí wọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ nà. Ọkọ mi náà á rí i pé ọ̀nà ìlú mi ti là, á kó ẹṣin wọ̀ ọ́. Àǹtí á wá pa èyí tó bá kù, kí n má baà rí nǹkan fi dá a lóhùn. Kí táàbù tó dé ọwọ́ mi, àwọn alásà díẹ̀ ló máa ń kù fún mi, tí wọ́n ń wò suu. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ̀ẹ́ gbọ́ tí Bọ̀dá ń sọ fún àlejò pé ìyàwó wa gbé géèmù wá ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n gbá. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dé egungun mi.

Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún ẹni tó bá kẹ́yìn ní ẹlẹ́ṣin méjì kún tirẹ̀. Géèmù náà gbà bẹ́ẹ̀, ó wà níbẹ̀ téèyàn bá fẹ́ yàn án. Bọ̀dá ní àwọn kì í fi àánú jagun. Nígbà tí a gòkè, ọkọ mi ní kí n má da ara mi láàmú, ṣebí géèmù lásán ni. Mo bi í pé tó bá jẹ́ géèmù lásán, ṣé ó máa fún mi ní ipò tirẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀? Ó ní òun fẹ́ lọ wo omi nínú táǹkì.

Mo wá fọwọ́ ara mi wá ọ̀nà. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù ló máa ń to àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilẹ̀ tirẹ̀. Dípò kí n tò wọ́n síwájú odi bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe, mo kó tèmi sẹ́yìn pátápátá, níbi tí ọfà kankan ò lè dé. Bọ̀dá jáde wá, wọn ò rí ẹni nà, àwọn èèyàn wọn dúró gbalaja ní gbangba. Ọkọ mi rí ẹ̀yìn wọn, kò lè mú un mọ́ra, ó gbá wọn. Àǹtí náà gbá ọkọ mi. Nígbà tó kàn mí, àwọn méjèèjì ti fara gbọgbẹ́, àwọn èèyàn Àǹtí náà ti jáde sí gbangba, tèmi ò tíì ní ìpalára kankan. Mo kó wọn bí ẹni ń gbálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tún tẹ̀ lé e.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Bọ̀dá sọ. Wọ́n jókòó, wọ́n ní ṣebí tí ìpàdé bá ń lọ, àgbà ló máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Nítorí náà, láti ọjọ́ náà lọ, kékeré ni kó máa bẹ̀rẹ̀. Èmi tí wọ́n fi sẹ́yìn nítorí pé mo kéré, wọ́n tún wá tì mí síwájú nítorí pé mo kéré! Nígbà tí mo tún rí ọgbọ́n dá sí ìyẹn tí mo sì ń fi ìṣáájú mi borí, wọ́n dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ tijú. Inú bí mi débi pé mo lọ sí ilé ìdáná, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí fọ abọ́ tí mo ti fọ̀ láàárọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ mi obìnrin dàgbà tó ẹni tó ń gbá a. Ọmọ ọdún méje ni. Ẹ̀yìn tí mo dé ni wọ́n bí i, nítorí náà ẹ̀yìn mi ló bọ́ sí. Ẹ̀rù bà mí fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé ohun tí ojú mi rí ni ojú tirẹ̀ máa rí. Rárá o. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ìlú rẹ̀. Bọ̀dá ní ọmọ wa ni, ta ló máa na ọmọ wa? Àǹtí tiẹ̀ ń bá a ka àwọn tafàtafà rẹ̀. Èmi tí mo wà láàárín ni wọ́n tún dojú kọ. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yìn tí mo wà nìkan ni wọ́n ń nà.

Lọ́dún tó kọjá, Bọ̀dá fẹ́ ìyàwó. Obìnrin náà jù mí lọ dáadáa, ó lè pọ̀n mí. Ilé iṣẹ́ kan ní Lẹ́kkí Free Zone, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí lọ́hùn-ún, ló ń ṣiṣẹ́, òun ló ń yẹ ọjà wò kí wọ́n tó dì í. Bọ́ọ̀sì sítáàfù ti ń gbé e lọ kí gbogbo wa tó jí. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ẹ̀rín rẹ̀ sì ń wá láti inú. Mo sọ fún ara mi pé ó dára, ìyàwó àgbà ti dé, wọ́n máa ní láti tún ètò yìí tò. Mo ti gbàgbé ilé tí mo wà. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọ́kọ́ jókòó tì wá, Àǹtí ní ìyàwó tuntun ló kẹ́yìn, lẹ́yìn ọmọ mi. Ìlú rẹ̀ ti wó kí táàbù tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ó dúpẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé táàbù padà fún wọn.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo sún tèmi tán, ó rò pé òun ló kàn, ó nawọ́. Ọmọ mi gbé ọwọ́ lé táàbù.

Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ dúró. Èmi ló kàn."

Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Màmá ní ọmọ náà mọ ilé rẹ̀. Obìnrin yìí sì tẹ orúnkún fún ọmọ mi, ọmọ tí mo nu imú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí mi."

N ò lè rẹ́rìn-ín. Mo gba táàbù lọ́wọ́ ọmọ náà.

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ máa ṣáájú mi nídìí oúnjẹ, ẹ máa ṣáájú mi níbi ọ̀rọ̀, n ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n nínú géèmù tí mo gbé wọlé yìí, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá ló máa ṣáájú láti òní lọ. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ wá tirẹ̀."

Bọ̀dá wo ọkọ mi kó bá mi wí. Ọkọ mi ń wo fáànù. Màmá dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá, bẹ́ẹ̀ Alásàrí ò tíì sún mọ́. Bọ̀dá bọ́ síta, Àǹtí tẹ̀ lé wọn, ọkọ mi náà dìde, ó ní òun fẹ́ sin wọ́n dé géètì, àfi bí ẹni pé àlejò ni wọ́n. Ó wá ku èmi àti ìyàwó tuntun, àti ọmọ mi tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣu ẹnu pọ̀.

Mo ní kí ìyàwó tuntun fi wọ́n sílẹ̀, kí àwa méjèèjì gbá a. Mo yan ètò kejì, ètò ilé bàbá mi. Géèmù náà tan iná sí ẹṣin rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ kàn. Àwọn tafàtafà mi wà ní gbangba, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n síbẹ̀ ni. Ìfọwọ́kàn kan péré, á kó wọn. Ó wò ó, ó wò mí, ó fo ara rẹ̀ kọjá.

Ó ní, "Ẹ ṣáájú, ìyálé mi."

Mo ní géèmù ló sọ pé òun ló kàn, kì í ṣe èmi. Èmi náà fo ara mi kọjá kó lè padà kàn án. Ó tún fò ó. Orí mi gbóná. Mo ti bá gbogbo ilé jà tán nítorí rẹ̀, òun náà wá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ara rẹ̀ sẹ́yìn. N ò tiẹ̀ mọ ẹni tí inú ń bí mi sí mọ́. Mo gbé táàbù lé orí àga, mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n sún ẹṣin yẹn.

Ó fò sókè, ó sáré kúnlẹ̀, ó tẹ̀ ba ju tèmi lọ. Ó di ọwọ́ mi mú. Omi ti lé sí i lójú.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó mi sí wàhálà. Ẹ̀yin ni mo bá nílé. Mo fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí n gbé níbí."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀, a ń bẹ ara wa, nígbà tí ọmọ mi wọlé. Ó bi wá bóyá a ò gbá a mọ́. Ó gbé táàbù kúrò lórí àga, ó tẹ ibi tó ti máa ń rí Bọ̀dá tẹ̀, ó dá a padà sí ètò kìíní, ó fi ara rẹ̀ kún un, ó sì fi ara rẹ̀ ṣáájú. Ó sún gbogbo tirẹ̀ tán, ní sùúrù, bí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ló nà án sí mi.

Ó ní, "Màmi, ẹ̀yin ló kàn. Ìyàwó wa á wá kẹ́yìn."

Mo wo inú rẹ̀. Kò ku tafàtafà mi kan ṣoṣo.