Èéfín Lórí Èlùbọ́

Bí mo bá gbúròó lọ́rì, òṣé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo máa ń rántí. Ẹ̀bá títì l'Ólódò ni wọ́n ń sá èlùbọ́ sí. Bí lọ́rì bá ti tú èéfín kọjá, wọn á fi etí aṣọ nu iṣu kan, wọn á pòṣé: “Ta ni yóò ra èyí?”

Kánsílọ̀ wá sọ pé ìjọba ti fowó sílẹ̀ láti dá lọ́rì eléèéfín dúró. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbà á gbọ́, wọ́n tẹ́ ẹní kún ẹní.

Àlòkù ọkọ̀ tí wọ́n fowó náà rà fún àwọn aláyẹ̀wò èéfín lọ́rì ló kọ́kọ́ dé. Èéfín rẹ̀ ju ti lọ́rì lọ.

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o,” ni aláyẹ̀wò kan kí wọn láti inú ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi húkọ́, wọ́n na iṣu dúdú kan sí wọn. “Ẹ bá mi gbé e fún ìjọba. Owó orí wa ló ra èéfín tó wà lára rẹ̀.”