Ọjọ́ tí Ìyá Mi Fọwọ́ Bo Imú Bọ̀dé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí mo bá ti gbóòórùn efinrin tí wọ́n ń fọwọ́ ra láàárọ̀, mo ti mọ̀ pé ọ̀fìnkìn mi ti dé etí Yèyé, ìyá bàbá mi. Ẹ̀yìn ilé ewúrẹ́ ni mo ń sá sí. Gbogbo ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Ìkẹ́rẹ́ lẹ mọ̀ ọ́n: Yèyé á na ẹsẹ̀ sílẹ̀, á dá mi dùbúlẹ̀ lé e, á fún omi ewé náà sí mi nímú. "Fà á sókè!" Háà, ó ń ta dé ọpọlọ! Lẹ́yìn náà ló máa fún mi ní iṣu sísun pẹ̀lú epo. "A kì í fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ kí a má fi tòsì fà á mọ́ra," ni yóò wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, giri mú Bọ̀dé, àbúrò mi tí kò tíì rìn. Ojú rẹ̀ yí sókè. Yèyé sáré gbé omi efinrin tó po mọ́ tábà wá. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti sọ fún ìyá mi pé irú rẹ̀ lè há ọmọ lọ́nà ọ̀fun. Ìyá mi, tó máa ń kúnlẹ̀ gba omi mímu pàápàá lọ́wọ́ Yèyé, fọwọ́ bo imú ọmọ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Yèyé, ẹ má kán an sí i. Bó bá máa kú, kó kú sí mi lọ́wọ́."

"Ìwọ ìyàwó yìí! Gbogbo ọmọ ulé yìí ni mo kán an fún, títí kan ọkọ rẹ!"

Ìyá mi gbé ọmọ, ó sáré láìwọ bàtà lọ sí dìsìpẹ́nsárì. Nígbà tó padà lọ́sàn-án, Bọ̀dé ń mu ọmú. Yèyé dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì da oògùn náà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò kán an fún ọmọ kankan mọ́. Nígbà tí ọ̀fìnkìn tún mú mi, èmi fúnra mi ni mo lọ dùbúlẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀. "Yèyé, ẹ kán an."

"Lọ bá ìyá rẹ, ọmọ mi."

Mo sunkún gan-an. Àárò ẹsẹ̀ Yèyé ṣì ń sọ mí.

Ìyá mi ló jàre, mo mọ̀. Ọmọbìnrin mi náà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ti kìlọ̀ fún mi: "Màmá, ẹ má fi nǹkan kan sí ọmọ yìí nímú o." Mi ò bá a jiyàn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí mo láyà láti lọ dùbúlẹ̀ lé Yèyé lẹ́sẹ̀ kí n lè tù ú nínú. Mo ti di ìyá àgbà báyìí, ojú sì ń tì mí láti sọ fún ọmọ mi pé kó kàn gbé ọmọ náà lé mi lẹ́sẹ̀ lásán, kí n máa wò ó.