Bátìrì Mẹ́ta Lórí Òkè Yìnyín

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí mo kúrò nílé wa ní Sùúrùlérè. Màmá mi ti di ata gígún sínú ọ̀rá mẹ́ta, ó sì fi aṣọ wé e. Ó ní, "Tí wọ́n bá bi ẹ́ ní éápọ́ọ̀tù, sọ pé ata ni. Má kàn máa wo ilẹ̀ bí olè." Àǹtí Bímpé, ẹ̀gbọ́n mi, ni mo ń lọ bá nílẹ̀ Faransé. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tó lọ. Ó ti bímọ báyìí, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn, ó sì ní kí n wá bá òun gbé ọmọ fún oṣù kan. Ọ̀gá mi tí mò ń bá ránṣọ ní Múṣín yọ̀ǹda mi.

Mo wọ bàlúù, mo wọ rélùwéè, mo sì wọ bọ́ọ̀sì tó ń gun òkè. Yúrò méjìlá ni owó bọ́ọ̀sì náà. Èrò mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí aago pé, dírẹ́bà gbéra. Ní Yaba, a ó ti jókòó títí gbogbo àyè á fi kún. Ọ̀nà náà dán, ó ń lọ́ bí ìfun ewúrẹ́, yìnyín sì ga ju ènìyàn lọ lọ́tùn-ún lósì.

Abúlé náà dákẹ́. Kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀, kò sí ẹni tó ń pe ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ kí ìyá arúgbó kan lójú ọ̀nà. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá mi wá ohun tó rò pé mo sọ nù. Láti ọjọ́ náà n kò kí ẹnikẹ́ni mọ́. Wàràkàṣì yíyọ́ lórí ọ̀dùnkún ni a máa ń jẹ lálẹ́, ata màmá mi ni mo sì fi ń gbé e mì. Àǹtí á bi mí pé, "Ṣé ó dùn?" Màá ní, "Ó dùn, mà." Ọ̀rọ̀ wa ti parí nìyẹn.

Eré síkì ni Àǹtí fẹ́ràn. Pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni síkì. Wọ́n máa ń so wọ́n mọ́ bàtà líle, wọ́n á sì fi yọ̀ wálẹ̀ láti orí òkè. Ojú ọ̀nà tí ẹ̀rọ ti tẹ́ ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń lò. Àǹtí ti kọjá ìyẹn. Ibi tí ẹsẹ̀ kankan kò tíì tẹ̀ ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń lọ, pẹ̀lú afinimọ̀nà.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó jáde lọ ra búrẹ́dì, ọmọ sì bú sẹ́kún. Ohun ìṣeré rẹ̀ tó máa ń kọrin ti dákẹ́. Mo rí ẹ̀rọ pupa kékeré kan tó dà bí rédíò lára ògiri. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀: bátìrì mẹ́ta, irú ti ohun ìṣeré náà gan-an. Nílé wa, bátìrì kì í ní ilé kan ṣoṣo. Láti rìmóòtù sí aago, láti aago sí tọ́ọ̀ṣì. Mo pààrọ̀ wọn, mo ki àwọn tó ti rẹ̀ sínú ẹ̀rọ pupa. Ọmọ rẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́, Àǹtí kó ẹrù ọjọ́ kejì sílẹ̀: akoto, ṣọ́bìrì kékeré, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣeé ṣẹ́po. Ó gbé ẹ̀rọ pupa náà sókè, kò tàn án.

"O rí eléyìí? Ẹ̀mí mi ni. Yìnyín lè ya látòkè kó bo èèyàn mọ́lẹ̀. Àfálánṣì ni wọ́n ń pè é níbí. Tó o bá pariwo lábẹ́ ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Ẹ̀rọ yìí ló máa bá ẹ ké sí ẹ̀rọ àwọn tó kù. Wọ́n á fi ọ̀pá gún yìnyín títí wọ́n á fi kàn ẹ́, wọ́n á sì wà ẹ́ jáde kíákíá, kí èémí ẹ tó tán."

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nípa bátìrì náà, àmọ́ ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé yóò pè mí ní ará oko, pé yóò dá mi padà. Mo ní tó bá ti sùn, màá pààrọ̀ wọn. Àmọ́ ó gbé àpò náà wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo jí, ó ti lọ.

Mo yọ bátìrì mẹ́ta náà kúrò nínú ohun ìṣeré, mo pọn ọmọ, mo fi kóòtù ńlá bo àwa méjèèjì, mo sì sáré lọ síbi àpótí onígíláàsì tí wáyà ń fà gun òkè. Yúrò méjìdínlógún. Mo dijú títí a fi dé òkè.

Afinimọ̀nà dúró pẹ̀lú ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ń kọjá níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ́ bóyá ẹ̀rọ oníkálukú ń ké. Gbogbo wọn ti kọjá àfi Àǹtí. Ó ń bá ọkùnrin náà jiyàn, ó ń nawọ́ sí ẹ̀rọ rẹ̀ pé ó ṣì tàn. Ọkùnrin náà ń mi orí pé rárá, agbára bátìrì rẹ̀ ti kéré jù.

"Àǹtí mi!"

"Simbi? Kí ló ṣe ọmọ?"

"Ọmọ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni, mà. Èmi ni mo yọ bátìrì yín. Mo fi sínú ohun ìṣeré."

"Ìgbà wo?"

"Láná."

"Kí n tó sọ fún ẹ pé ẹ̀mí mi ni?"

"Kẹ́ ẹ tó sọ ọ́. Àmọ́ mo ti mọ̀ nígbà tẹ́ ẹ sọ ọ́ tán."

Ó wò mí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi èdè wọn sọ nǹkan, wọ́n rẹ́rìn-ín; òun kò rẹ́rìn-ín. Ó gba bátìrì, ó fi wọ́n sí i. Nọ́ńbà agbára bátìrì tó yọ lójú ẹ̀rọ náà tẹ́ afinimọ̀nà lọ́rùn. Àǹtí kọjá níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ ké, wọ́n sì lọ.

Mo jókòó ti ọmọ nílé tíì kan níbẹ̀, mò ń wo òkè láti ojú fèrèsé. Wọn kì í sọ̀ kalẹ̀ pọ̀. Ẹnì kan á lọ, àwọn tó kù á dúró síbi tí yìnyín kò lè kó wọn, wọn kò ní gbójú kúrò lára rẹ̀ títí á fi dúró. Nígbà tó kan Àǹtí, n kò mí. Ó ń tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń tẹ̀ sósì, yìnyín ń tú lẹ́yìn rẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Lẹ́yìn náà òkè bò ó, n kò rí i mọ́. Fún bíi wákàtí mẹ́ta, kò sí ẹni tí mo lè bi léèrè.

Nígbà tó dé, ó jókòó síwájú mi, ó gba ọmọ.

"Ọjọ́ kẹwàá rẹ lọ́dọ̀ mi rèé. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó o bá mi sọ láìjẹ́ pé mo bi ẹ́ nìyẹn."

"Ẹ má bínú, mà."

"Inú ń bí mi dáadáa. Kí lo máa mu?"

Mo ní tíì. Mo sì bi í pé, "Ẹ̀rù kì í bà yín?"

"Ó máa ń bà mí. Ọjọ́ tí kò bá bà mí mọ́, kí n má lọ mọ́."

Nígbà tí mo padà dé Sùúrùlérè, ooru bò mí látòkè délẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ lọ́hùn-ún ni pé wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ tí wọn kò bá tíì gbọ́ ohùn rẹ̀. Màmá mi gba àpò, ó bu omi fún mi. Kó tó béèrè ohunkóhun, mo jókòó tì í, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ibi tí ojú ti tì mí jù.