Ìgbànú Pupa fún Bàbá Morìnsọ́lá

Ohùn àkọ́kọ́ tí Kàsúmù mọ̀ láyé kì í ṣe ohùn ìyá rẹ̀. Ohùn àkísà ni. Fìì-fìì, fìì-fìì, lára awọ, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Bàbá náà á rẹ awọ tán, á sá a síbi òjìji, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún títí àkísà á fi kúrò lára rẹ̀ láìmú àwọ̀ kankan dání. Láti ìgbà náà ni Kàsúmù ti pinnu pé bí òun bá dàgbà, òun ò ní fi ayé òun nu nǹkan tó ti tán.

Ó sì mú ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ṣẹ. Ènìyàn mélòó ló ń mú ẹ̀jẹ́ ṣẹ lóde òní?

Ó wá di oníṣẹ́ awọ ní Arámọkọ, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìjerò. Ọwọ́ rẹ̀ dáa, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ó fẹ́ fi Morìnsọ́lá ṣaya, Morìnsọ́lá náà sì gbà, ṣùgbọ́n Morìnsọ́lá ní bàbá.

Bàbá yìí ni Ọ̀gá Olúrántí, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó padà sílé ní Ìlogbò láti wá sinmi, tí ẹnikẹ́ni ò sì rí ìsinmi ládùúgbò láti ọjọ́ náà. Ó ti ka ẹ̀ṣẹ̀ Kàsúmù fún ọmọ rẹ̀: ará Ọ̀yọ́ ni, Mùsùlùmí ni, ọwọ́ rẹ̀ sì ń rùn bí awọ. Èyí tó kẹ́yìn ló dun Kàsúmù jù.

"Ṣé ọwọ́ mi ń rùn lóòótọ́?"

"Ó ń rùn," Morìnsọ́lá dá a lóhùn. "Ó ti mọ́ mi lára ni."

Nígbà tí ọmọ sunkún títí tí kò jẹun mọ́, bàbá rọ̀ díẹ̀. Ó ní kí ó lọ sọ fún ọkùnrin náà pé: "Kó ṣe bẹ́líìtì kan fún mi, tí màá lò lọ́jọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dáa, kó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá mọ̀ mí. Bí kò bá dáa, kó má tún gba iwájú ulé mi kọjá mọ́."

Kàsúmù ṣe ìgbànú náà bí ẹni ń ṣe adé. Ó gé awọ màlúù tó nípọn, ó fi ìdí ìgò ra etí rẹ̀ títí tó fi jọ̀lọ̀. Dúdú àti búráùn kún ọjà, ta ni kò lè rà wọ́n? Pupa lòun fẹ́, pupa Ọ̀yọ́, èyí tí wọ́n ń se láti ara poroporo ọkà bàbà àti kánún, kí gbogbo ìjọ lè máa rí àna òun láti ẹnu ọ̀nà. Ó rẹ ẹ́, ó tún un rẹ, ó sá a síbi òjìji. Ó pọ́n bí ojú ẹni tí inú ń bí.

Ó wá ku nínù. Ó nù ún lẹ́ẹ̀kan, àkísà pupa. Ó wo àkísà, ó wo ìgbànú, ó sì dá a lójú pé ògo àna òun ló ń lọ sínú àkísà yẹn. Ó ju àkísà náà nù. Òrí ló kàn fi pa á lára, ìgbànú sì ń dán yanran.

Pius, télọ̀ tí wọ́n jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù, na ọrùn wò ó. "Pupa èyí ò ní máa yọ báyìí?"

"Pius, aṣọ ni kó o máa rán."

"Mo tọrọ gáfárà, àna ọ̀gá."

Lọ́jọ́ ìkórè, Ọ̀gá Olúrántí wọ kóòtù funfun àti ṣòkòtò funfun, ó de ìgbànú náà mọ́dìí. Àwọn alàgbà ń bi í bóyá òkè òkun ni wọ́n ti fi ránṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹnì kan ló ṣe é fún mi." Ẹnì kan! Ẹ ò rí i bí ènìyàn ṣe ń gòkè. Ẹni tó jẹ́ kìkì ẹ̀ṣẹ̀ lóṣù tó kọjá ti di ẹnì kan.

Ìgbà tí wọ́n ń jó lọ síwájú láti dúpẹ́ ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Oòrùn mú, ọ̀gá ń làágùn, òrí kò sì mọ̀ pé ilé Ọlọ́run lòun wà: ó yọ́, ó sì fa gbogbo pupa ara awọ dání. Ooru mú ọ̀gá bọ́ kóòtù. Ìlà pupa kan ti yí ìdí ṣòkòtò rẹ̀ po.

Ìyá Ẹ̀ríolúwa, olórí àwọn obìnrin ìjọ, ló kọ́kọ́ rí i. "Ọ̀gá wa, ìgbà wo lẹ ti ń lo ìlẹ̀kẹ̀ bèbè?"

Àwọn ẹgbẹ́ akọrin fi ìwé orin bojú. Àlùfáà, tí kì í tètè parí nǹkan, sáré ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Morìnsọ́lá gun ọ̀kadà wá sí Arámọkọ, ó gbé ọ̀rá kan lé orí tábìlì. Ṣòkòtò náà ló wà nínú rẹ̀.

"Kí ni Bàbá wí?" Kàsúmù bèèrè.

"Wọ́n ní kó o fọ̀ ọ́. Bó bá funfun bíi ti tẹ́lẹ̀, kó o gbé e wá lọ́la, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí àwọn ènìyàn rẹ máa wá."

"Bí kò bá wá funfun ńkọ́?"

"Wọ́n ní kó o jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ, wàá rí ọkọ mi tó bá ń kọjá lọ."

"Jọ̀ọ́, bá mi fọ̀ ọ́."

"Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ omi ẹ̀." Ó dìde. "Kàsúmù, má kánjú o."

Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ sẹ́yìnkùlé lọ́dọ̀ kànga. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, omi pọ́n bí osùn. Ó dà á nù, ó pọn òmíràn. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sójú ìlà náà, ó sá a sórí koríko, ó tún kó o sómi. Nígbà tó yá, omi mọ́, ṣùgbọ́n pupa ṣì sá pamọ́ sábẹ́ àwọn ìkọ́ kéékèèké tí ìgbànú ń gbà kọjá. Ó mú abẹ, ó tú ìkọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọ abẹ́ wọn, ó sì fi òwú funfun rán wọn padà pẹ́kípẹ́kí. Nígbà tó gbẹ, ó gbé e síta gbangba, ó yí i síwá sẹ́yìn. Kò rí ìlà kankan.

Ó da èédú sínú áyọ́ọ̀nù, ó lọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó lọ ti òsì, ó ká ṣòkòtò náà, ó sì kì í bọ inú ọ̀rá tí yóò gbé lọ sí Ìlogbò lọ́la.