Bàbá Tó Ń Nu Dígí Oòrùn

Títí di òní, bí mo bá ń kọjá ní Ìtòkú tí òórùn aró lù mí nímú, orí mi á kọ́kọ́ wú kí n tó rántí pé ọjà ni mo wá ná. Ìyàwó mi ní ogbó ló ń dé. Jẹ́ kó máa wí. Ìwọ tí a jọ ṣe ọ̀dọ́ láyé ìgbà yẹn, màá ròyìn rẹ̀ fún ọ, kí ìwọ náà sọ bóyá ogbó ni.

Lẹ́yìn ọdún 1980 díẹ̀ ni. Ìjemọ̀ ni mò ń gbé, ọ́fíìsì ìlera tí mo ti ń ṣiṣẹ́ sì wà ní Aké. Iṣẹ́ mi kò ju kí n jókòó ti ẹ̀rọ kan lọ. Àwọn òyìnbó kan ló gbé e wá pé ká fi dán ọgbọ́n tuntun wò. Ní abúlé kan lẹ́yìn Ọ̀dẹ̀dá, wọ́n ri dígí dúdú mẹ́rin mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìtọ́jú aláìsàn. Dígí yìí ń gba oòrùn, ó ń sọ ọ́ di iná, iná náà ló ń mú fíríìjì tutù, inú fíríìjì ni oògùn àjẹsára àwọn ọmọdé wà. Wáyálẹ́ẹ̀sì kan wà níbẹ̀ tó ń fi bí iná ṣe pọ̀ tó ránṣẹ́ sí wa. Lọ́dọ̀ tiwa, bírò kan ló ń fa ìlà sórí ìwé gígùn tó ń yí lọ díẹ̀díẹ̀. Oòrùn ràn, ìlà gòkè. Oòrùn wọ̀, ìlà wálẹ̀. Kò sí wáyà kankan láàárín wa o, afẹ́fẹ́ lásán ni.

Bàbá mẹ́gàádì ibẹ̀ ló ń nu dígí náà. O mọ bí eruku ọyẹ́ ṣe rí. Bí aago mẹ́jọ bá ti lù láàárọ̀, Bàbá á mú àkísà tútù, á nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti na ara bo dígí kan, iná á dín, bírò mi á wálẹ̀, á tún padà gòkè. Ẹ̀ẹ̀mẹrin láràárọ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló máa ń pẹ́ jù, torí pé abẹ́ ẹ̀ka igi ni dígí yẹn wà, àwọn ẹyẹ kò sì jẹ́ kó gbádùn. Ṣé o rí i, mo wá mọ ọwọ́ Bàbá lórí ìwé bí o ṣe ń mọ ẹsẹ̀ ará ilé rẹ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí bírò bá ti wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, màá tẹrí ba lórí àga mi, màá ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ẹ kú ọyẹ́." Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á bú sẹ́rìn-ín pé mo tún ti ń bá bírò sọ̀rọ̀.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan, nọ́ọ̀sì abúlé náà wọlé tọ̀ wá wá. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Bàbá mẹ́gàádì ti kú," ó ní. "Ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì ni. Wọ́n sì sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún rín irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ mọ́. "Nọ́ọ̀sì, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí i tán láàárọ̀ yìí ni."

Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Mo bá fa ìwé náà jáde. Jímọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Sátidé, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Sọ́ńdè, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ti àárọ̀ ọjọ́ náà, yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa. Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní kò sẹ́ni tó ń dé ẹ̀yìn ilé yẹn láti ọjọ́ Àlàmísì, síbẹ̀ láràárọ̀ ni wọ́n ń rí i lókèèrè pé omi ń kán lára dígí. Gbogbo abúlé ti gbà pé Bàbá kò tíì lọ. Àwọn ìyá ọmọ ti búra pé àwọn kò ní gbé ọmọ wá gba àjẹsára lọ́jọ́ Àlàmísì tó ń bọ̀. "Èmi alára, mi ò lè purọ́," ó ní, "mi ò dé ibẹ̀ láti ọjọ́ náà."

Ọ̀gá wa kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ó ní, "Ẹ̀rọ tó ń sọ pé òkú ń ṣiṣẹ́, ṣé òun ni ká gbọ́kàn lé nípa oògùn ọmọ ọlọ́mọ? Bó bá ń purọ́, a ó da oògùn yẹn nù, a ó sì kó fíríìjì kúrò. Ìròyìn kò tó àfojúbà. A ń lọ lọ́la." Ọkàn mi bàjẹ́. Ọmọ méjì ni rọpárọsẹ̀ ti sọ di arọ lábúlé yẹn lọ́dún tó kọjá, mo sì mọ̀ pé bí fíríìjì yẹn bá ti kúrò, kò ní padà.

Kùrukùru bo ilẹ̀ nígbà tí a dé. Aago mẹ́jọ ti kọjá díẹ̀. Dígí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dán, omi ń kán sílẹ̀ lára wọn, tó, tó, tó, kò sì sí ẹ̀dá alààyè kan níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo di ọwọ́ ọ̀gá mi mú. A wo inú fíríìjì: oògùn tutù bó ṣe yẹ. Ìgbà tí mo padà síta ni mo rí i ní igun dígí kan, ipa ìka ọwọ́, aláwọ̀ aró.

Ìyàwó Bàbá, aláró ni, ọmọ Ìtòkú. Ẹ̀yìn ilé wọn ló kángun sí ibi dígí. Àmọ́ ó wà nínú opó, opó Mùsùlùmí kì í sì í jáde títí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá á fi pé. Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó ronú kàn án. Èmi nìkan wọlé lọ kí i. "Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá." Mo wo etí ìró rẹ̀, ìrì ti rin ín gbingbin. Mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ àárọ̀, mà."

Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ọmọ mi, bò mí láṣìírí. Ó ní kí n má jẹ́ kí eruku sùn sára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Bí wọ́n bá mọ̀ pé mo jáde, mo gbé."

"Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi, mà."

"Àárọ̀ Sọ́ńdè ni mo tó lè gbẹ́sẹ̀. Jímọ̀ àti Sátidé, ẹkún kò jẹ́ kí n dìde. Kí Ọlọ́run bá mi san nọ́ọ̀sì lẹ́san, òun ló bá mi nù ún lọ́jọ́ méjèèjì."

Ara mi bù máṣọ. Nọ́ọ̀sì tó ti sọ fún wa pé òun kò dé ibẹ̀ rárá!

Níta, ọ̀gá mi ti mú ìwé àti gègé. "Ta ló ń nù ún?"

"Èèyàn ni, sà. Mo ti rí ẹ̀rí. Ẹ̀rọ kò purọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí lórúkọ."

"Bí oògùn yìí bá ṣe ọmọ kan ní jàǹbá, orúkọ tìrẹ ni màá kọ."

"Ẹ kọ ọ́, sà."

Mo tún dúró níwájú àwọn ìyá ọmọ, mo fi Bíbélì búra pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ló ń nu dígí yẹn láràárọ̀. Wọ́n gbé ọmọ wọn wá lọ́jọ́ Àlàmísì. Ara gbogbo wọn dá ṣáṣá. Nígbà tí Ìyá jáde opó, ojú ọ̀sán gbangba ló ń nu dígí rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń kí i kú iṣẹ́.

Àmọ́ lálẹ́ tí a dé láti abúlé, kò wù mí kí n lọ sílé láìwo ìwé yẹn. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Sọ́ńdè, Mọ́ńdè, Túsìdé: ẹ̀ẹ̀mẹrin, ọgbọọgba, ọwọ́ obìnrin tó ń kánjú wọlé. Jímọ̀ àti Sátidé: ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹlẹ́ẹ̀kẹta sì pẹ́ ju ìyókù lọ.

Mo gé ọjọ́ méjèèjì kúrò, wọ́n ṣì wà nínú ìwé orin mi. Láti ìgbà náà, oríṣiríṣi ẹ̀rọ ni wọ́n ti gbé síwájú mi pé ṣé ó ṣeé gbọ́kàn lé, mo sì máa ń dáhùn bó ṣe yẹ. Èyí tí kò sẹ́ni tó bi mí rí ni ti ìbúra yẹn. Torí mo kí i lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀rẹ́ mi. Mo tún kí i lọ́jọ́ Sátidé. Mo tẹrí ba, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá," bí mo ṣe máa ń ṣe.